Alẹ́ Kan, Ẹnì Kan: Màmá Aláró Dáhùn Lẹ́tà Yín

Lóṣù tó kọjá, àyè kékeré kan ṣẹ́kù ní ìsàlẹ̀ ojú ewé yìí tí mi ò mọ ohun tí mo lè fi dí i, ni mo bá ju ìbéèrè kan síbẹ̀: bí wọ́n bá fún yín ní alẹ́ kan ṣoṣo, láti ìgbà tí adìẹ bá wọlé títí oorun á fi máa kun ojú, ta lẹ máa fẹ́ kó wá jókòó tì yín? Òkú ni o, alààyè ni o, ẹ yàn. Mo rò pé ẹni mẹ́ta péré ló máa dáhùn. Àfi bí ọmọ tó máa ń kó lẹ́tà wá fún mi láti ọ́fíìsì ṣe ru àpò wọlé bí ẹni tó ń ti ọjà bọ̀.

Mo ti kó àwọn tó yan gómìnà sápá kan, àwọn tó yan pásítọ̀ àti àfáà ńlá ńlá náà wà níbẹ̀. Kí n má purọ́, ọ̀rọ̀ wọn ò wọ̀ mí lára. Ẹni tó ní gómìnà lòun fẹ́ bá jẹun alẹ́, iṣẹ́ ló fẹ́ tọrọ fún ọmọ rẹ̀. Mẹ́rin ló kù lọ́wọ́ mi. Ọ̀kan nínú wọn, àánú ló jẹ́ kí n mú un.

*

Màmá, ẹ kú iṣẹ́. Ìbéèrè yín ti dá wàhálà sílẹ̀ nílé mi. Ìyàwó mi ló ka ìwé ìròyìn náà síta níbi ìpàdé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa, ni alága bá ní kí olúkúlùkù dìde dáhùn. Nígbà tó kan ìyàwó mi, ìyá ọmọ mẹ́ta, ó ní: "Dúró Ládiípọ̀ ni, kó sì wọ aṣọ Ṣàngó wá." Àwọn obìnrin pàtẹ́wọ́. Nígbà tó kàn mí, mo ní: "Ìyàwó mi ni." Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ wó ilé náà lé wa lórí. Òun nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ọdún 19 rèé tí a ti fẹ́ra. Kí ni mo ṣe tí òkú fi gba ipò mi? Ẹ má bínú bí ìkọ̀wé mi ò bá gún, ibi tí a ti ń wo bọ́ọ̀lù ni mo wà, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ sinmi ni. — A., Òkè-Fìà

Bàbá ọmọ mẹ́ta, ẹ kú ìfaradà. Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi yọ awò ojú mi lélẹ̀, ẹ foríjì mí. Dúró Ládiípọ̀, eléré orí ìtàgé tó máa ń ṣe Ṣàngó, ti kú láti 1978, kò lè gbé ìyàwó yín lọ síbì kankan. Tó bá tilẹ̀ wá, kò ní dá wá: bí Ṣàngó bá ń bọ̀, Ọya ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, Abíọ́dún ìyàwó rẹ̀ gan-an ló sì ń ṣe Ọya lórí ìtàgé. Obìnrin méjì, ọkùnrin kan, ẹ̀yin náà á wà níbẹ̀. Àga ni kẹ́ ẹ máa wá.

Ibi tí ẹ ti ṣìnà ni pé ẹ gbọ́ ìbéèrè mi bí ẹni pé mo bèèrè ta lẹ fẹ́ràn jù. Mi ò bèèrè bẹ́ẹ̀. Ẹni téèyàn fẹ́ràn jù, ṣé alẹ́ kan ṣoṣo la fi ń ṣe é? Ohun tí mo bèèrè ni ẹni tí ọ̀rọ̀ kan wà lọ́kàn yín tẹ́ ẹ fẹ́ bi, tí ẹ ò rẹ́lòmíràn bi.

Ọ̀rọ̀ sì pọ̀ tí obìnrin Òṣogbo lè bi Dúró Ládiípọ̀. Kátíkíìsì ìjọ Áńgílíkà ni bàbá rẹ̀, bàbá bàbá rẹ̀ sì jẹ́ onílù. Ẹ rò ó wò: ìwé orin lọ́wọ́ kan, ọ̀pá ìlù lọ́wọ́ kejì, nínú ara ẹnì kan ṣoṣo. Ní 1961 ó ṣe orin Àjíǹde fún ṣọ́ọ̀ṣì nílùú yìí, ó sì gbé ìlù wọ ilé Ọlọ́run. Àwọn àgbà ìjọ fárí gá. Ọdún tó tẹ̀lé e ni wọ́n ṣí Mbárí-Mbáyọ̀, ilé eré àti iṣẹ́ ọnà nílùú yìí, nígbà tó fi máa di 1964, eré rẹ̀ lórí Ṣàngó, Ọba Kò So, ti dé Berlin. Gbogbo ayé ló ń sọ ti Berlin. Èmi, alẹ́ ọjọ́ tí wọ́n ní ìlù rẹ̀ ò gbọdọ̀ wọ ṣọ́ọ̀ṣì mọ́ ni mo fẹ́ gbọ́. Nígbà tó délé, ta ló kọ́kọ́ sọ ọ́ fún? Ṣé ó jẹun? Ṣé ìlù yẹn wà lórí ilẹ̀ nínú yàrá, tó ń wò ó? Irú nǹkan báyẹn kì í sí nínú ìwé. Àfi kéèyàn jókòó ti onítọ̀hún, kí iná ti lọ, kí ẹ̀fọn máa jẹ wọ́n.

Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí nígbà tí ariwo eré rẹ̀ gba ìlú. Aláró ni ìyá ìyá mi ní Ìsàlẹ̀-Ọ̀ṣun (ibi tí orúkọ tẹ́ ẹ fi ń pè mí ti wá nìyẹn, èmi fúnra mi ò pa aró rí, télọ̀ ni mí kí ojú mi tó di bàìbàì). Bí ó bá rán mi lọ gbé aṣọ fún oníbàárà, mo máa ń yà síbi tí wọ́n ti ń dán eré wò, màá dúró síta, ẹrù lórí, màá máa gbọ́ bàtá. Lọ́jọ́ kan aṣọ náà kò tíì gbẹ tán. Aró ń kán, ó ń ṣàn gba ẹ̀yìn ọrùn mi, mi ò mọ̀. Mo délé pẹ̀lú ọrùn dúdú bí ti ẹyẹlé. Wọ́n nà mí. Mo tún lọ lọ́jọ́ kejì.

Ṣùgbọ́n kí n sọ fún yín, kí ọkàn yín lè balẹ̀ díẹ̀: àwọn tó ń dá òǹwòran lára yá lóde kì í fi bẹ́ẹ̀ dùn ún bá jókòó. Onílù ni ọkọ mi tó ti dolóògbé. Tó bá gbé gángan lóde, á ki ènìyàn títí onítọ̀hún á fi tú àpò tó fẹ́ fi san owó iléèwé ọmọ. Nílé, gbólóhùn mẹ́ta ló ní: "Omi dà?" "Ó tó." "Ti ilẹ̀kùn." Ọdún 31 la fi bá ara wa gbé báyẹn. Tí wọ́n bá fún mi ní alẹ́ kan pẹ̀lú rẹ̀ báyìí, mo mọ ohun tó máa sọ, màá sì bu omi náà fún un.

Ìyàwó yín wá ńkọ́? Ẹ mú bírò, ẹ wá pépà, ẹ kọ̀wé sí arúgbó tẹ́ ẹ ò mọ̀ rí. Obìnrin tẹ́ ẹ jọ ń sùn lórí bẹ́ẹ̀dì kan, ẹ ò bi í pé, "Tó bá wá lóòótọ́, kí lo máa bi í?" Mo wá gbogbo lẹ́tà yín, mi ò rí i níbẹ̀.

Àti pé mo rò pé mo mọ ìdí tí kò fi rẹ́rìn-ín. Ẹ ní òun lẹ máa yàn. Ó wo àná, ó wo ìjẹta, ó rántí ibi tí ẹ wà láwọn alẹ́ wọ̀nyẹn. Ibẹ̀ náà lẹ ti kọ lẹ́tà yìí sí mi.

Ẹ má ra léèsì o. Ẹ má gbé e lọ sí ilé oúnjẹ ní Ògo-Olúwa, ẹ̀yin méjèèjì á kàn máa wo iye owó oúnjẹ ni. Lálẹ́ ọjọ́ tí kò sí bọ́ọ̀lù (wọ́n ní ó ṣọ̀wọ́n), ẹ gbé àga méjì síta, ẹ bi í, kẹ́ ẹ wá dákẹ́. Dídákẹ́ yẹn ló le níbẹ̀. Tó bá ti ń sọ ọ́, ẹ má sọ pé ẹ̀yin náà mọ orin Ṣàngó.

*

Màmá wa, àgùnbánirọ̀ ni mí, oṣù keje mi rèé ní Òṣogbo. Àdùnní Olórìṣà ni màá yàn. Nígbà tí mo sọ ọ́ nílé tí a jọ ń gbé, àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ní kí n lọ gba àdúrà ìtúsílẹ̀. Ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ni? Ẹ̀yin náà ńkọ́, ta lẹ máa yàn? Ẹ ò sọ fún wa. — B., Dáda Estate

Ọmọ mi, ẹ̀ṣẹ̀ kọ́. Mùsùlùmí ni mí, Ìṣáà kì í fò mí ru, bẹ́ẹ̀ nígbà tí orúnkún mi ṣì gbà, kò sí ọdún Ọ̀ṣun tí wọn ò ní rí mi lójú títì tí arugbá bá ń kọjá. Ìlú mi ni. Sọ fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ pé Màmá ní kí wọ́n kọ́kọ́ jáde nínú ilé.

O yàn dáadáa, ṣùgbọ́n ṣé o mọ ẹni tó o yàn? Graz lórílẹ̀-èdè Austria ni wọ́n ti bí Susanne Wenger, tí a wá ń pè ní Àdùnní Olórìṣà, ní 1915. Ní 1950 ló dé Nàìjíríà pẹ̀lú ọkọ rẹ̀, Ulli Beier. Kò pẹ́ tó dé ni ikọ́ ẹ̀gbẹ dá a gúnlẹ̀. Lẹ́yìn náà ló pàdé Àjàgẹmọ, olórí àwọn olórìṣà Ọbàtálá ní Ẹdẹ, ẹni náà ló sì fà á lọ́wọ́ wọ inú ẹ̀sìn. Gbọ́ èyí tó dùn jù nínú rẹ̀: òun fúnra rẹ̀ sọ pé òun ò gbọ́ Yorùbá nígbà náà, Àjàgẹmọ náà ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn méjèèjì ń jókòó tira wọn láìní èdè kankan tí wọ́n lè fi pe omi. Tí o bá ń wá alẹ́ téèyàn lè fẹ́ yọjú sí, irú àwọn alẹ́ yẹn ni. Èmi tí mo fẹ́ onílù tó ń sọ gbólóhùn mẹ́ta, ó yé mi.

A máa ń rí i lójú títì. Obìnrin òyìnbó tó tẹ́ẹ́rẹ́, tìróò dúdú yí ojú rẹ̀ ká, àdìrẹ lára rẹ̀, tó ń sọ Yorùbá tiwa. Àwa ọmọdé a sá, a tún padà wá wò. Mo ti dàgbà kí n tó mọ iye iṣẹ́ tó ń ṣe. Igbó Ọ̀ṣun ti ń lọ sọ́wọ́ àwọn agégi nígbà tó dìde sí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Òun àti àwọn ọmọ ìlú yìí ni: Adébísí Àkànjí, tó jẹ́ bíríkìlà kó tó di pé ó ń fi sìmẹ́ǹtì mọ ère, Kásálí Àkàngbé agbẹ́gilére, Bùráímọ̀ Gbàdàmọ́sí tó ń gbẹ́ òkúta. Bíríkìlà, àbí o ò gbọ́? Ọwọ́ tó ń mọ ilé oníyàrá-méjì fún ará Ìgbònà ló mọ òrìṣà tó ga ju ilé lọ. Ní 2005 ni UNESCO kọ igbó náà mọ́ àwọn ogún gbogbo ayé. Ọjọ́ 12 oṣù kìíní ọdún 2009 ni ìyá náà papò dà, nílùú yìí náà, ẹni ọdún 93.

Tó o bá fẹ́ ìrọ̀lẹ́ tó sún mọ́ tirẹ̀ jù lọ, má dúró de oṣù kẹjọ tí èrò máa ń pọ̀ bí eéṣú. Lọ sí Igbó Ọ̀ṣun lọ́jọ́ iṣẹ́, lẹ́yìn aago mẹ́ta. Wá ibi ère Ìyá Mọ̀ọ́pó, òun ni wọ́n ní ó ni iṣẹ́ ọwọ́ obìnrin, aró pípa àti ìkòkò mímọ wà nínú rẹ̀. Jókòó. Má mú ẹ̀pà dání, àwọn ọ̀bọ ibẹ̀ ò mọ àgùnbánirọ̀ yàtọ̀. Nígbà tó o bá ń padà bọ̀, gba ojú ọ̀nà Ìbòkun, kó o wo ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí Àdùnní gbé. Wò ó láti ìsàlẹ̀ dé òkè kó o tó ya fọ́tò.

Ìbéèrè rẹ kejì, mo ti ń sá fún un láti òwúrọ̀.

Ẹ̀rín ni mo kọ́kọ́ tẹ̀lé. Mo ní kí n yan Oyin Adéjọbí, nítorí láyé ìgbà tí eré rẹ̀, Kóòtù Aṣípa, wà lórí tẹlifíṣọ̀n, ọbẹ̀ mi a máa jóná. Mo tún ní Twins Seven Seven ńkọ́, ẹni tó bá àwọn tó ń polówó oògùn jó dé Òṣogbo ní 1964, tí kò tún bá wọn lọ mọ́, tó di ayàwòrán tí gbogbo ayé mọ̀. Ó ní ìbejì ìgbà méje ni ìyá òun bí, òun nìkan ló yè nínú gbogbo wọn. Tẹni bá ń sọ irú ìtàn báyẹn fún mi, ilẹ̀ á mọ́, mi ò ní rí àyè fi ọ̀rọ̀ tèmi sí i. Èmi náà sì fẹ́ràn kí n máa sọ̀rọ̀.

Ẹni tí mo yàn kò lórúkọ.

Mbari, Ìgbò ló ni ọ̀rọ̀ yẹn. Àwọn òǹkọ̀wé àti ayàwòrán tó wà ní Ìbàdàn ló fi sọ ẹgbẹ́ wọn ní 1961. Nígbà tí wọ́n wá fẹ́ ṣí irú rẹ̀ níbí ní 1962, tí wọ́n ń pe "Mbari, Mbari" kiri, kò dún bí Ìgbò létí àwa. Létí ará Òṣogbo, Yorùbá ni: m bá rí i, m bá yọ̀. Bí mo bá lè rí i, inú mi á dùn. Bó ṣe di Mbárí-Mbáyọ̀ nìyẹn, tí àwọn ọ̀mọ̀wé fi gbé e sínú ìwé, tí orúkọ náà fi rìn dé ibi tí ẹnikẹ́ni nínú wa ò dé.

Ẹnì kan ló kọ́kọ́ sọ ọ́. Ìlú kì í ya ẹnu pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà kó dá àwàdà. Ìtàn tí wọ́n sọ fún wa ni pé obìnrin ọlọ́jà kan ni, mo sì gbà, torí bí àwọn obìnrin ọjà wa ṣe ń ṣe é nìyẹn, ọ̀rọ̀ àjèjì kì í kọjá níwájú àtẹ kí wọ́n má fún un ní aṣọ wọ̀. Mo ti ka ìwé díẹ̀ lórí Mbárí-Mbáyọ̀. Orúkọ òyìnbó wà níbẹ̀, orúkọ ayàwòrán wà níbẹ̀. Orúkọ tirẹ̀, mi ò rí i.

Tí mo bá ń rò ó, ìyá ìyá mi ni mo máa ń rí. Ọwọ́ tó dúdú dé ọrùn ọwọ́, èékánná tí ọṣẹ ò ràn. Á jókòó sórí àpótí, á ti ìyẹ́ adìẹ bọ ẹ̀kọ, á máa fi ṣóńṣó rẹ̀ fa ìlà sára aṣọ funfun, tẹ́ẹ́rẹ́, tẹ́ẹ́rẹ́, láìwo àwòṣe kankan. Ibi tí ẹ̀kọ bá wà, aró ò ní mu ún. Bí wọ́n bá fa aṣọ jáde nínú ìkòkò, àwọ̀ ewé ni wàá kọ́kọ́ rí. Afẹ́fẹ́ á fẹ́ sí i, á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú lójú rẹ báyìí, bí ìgbà tí ilẹ̀ ń ṣú. Gbogbo ìgbà ló máa ń dákẹ́ wò ó, lẹ́yìn bí ogójì ọdún tó ti ń ṣe é. Obìnrin tó sọ "m bá rí i, m bá yọ̀", irú ojú yẹn ni mo fún un.

Tó bá wá, màá gbé mọ́ínmọ́ín eléwé síwájú rẹ̀, màá bi í: kí lò ń tà lọ́jọ́ náà? Wọ́n gbé orúkọ tó o dá kọ́ sára ògiri, ṣé wọ́n jẹ́ kó o wọlé láìgba owó? Àti pé, ìyá, nígbà tó o rí i tán, ṣé o yọ̀?

*

Ẹ̀yin Màmá, olùkọ́ Yorùbá wa ní ká kọ àròkọ lórí "Ẹni tí mo fẹ́ kí ó lo alẹ́ kan pẹ̀lú mi". Ọjọ́ Ajé la máa dá a padà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi kọ ọ́, ojú ewé méjì. Messi ni mo fẹ́ yàn. — Ọmọ JSS 3, Ìgbònà

Màá bá ọ kọ ọ́ tí ìwọ náà bá wá bá mi họ ìdí ìkòkò. Ọjọ́ Ajé tó ò ń wí yẹn ti kọjá kí ìwé yìí tó jáde, ó sì dá mi lójú pé wọ́n ti nà ọ́ tàbí kí o ti kọ ọ́ fúnra rẹ.

Tí wọ́n bá tún ní kó o kọ ọ́: Spanish ni Messi ń sọ. Èdè wo lẹ máa fi sọ̀rọ̀? Ka ohun tí mo kọ sókè lórí Àjàgẹmọ, kó o wá sọ fún mi bí ẹ̀yin méjèèjì ṣe ṣe é láti aago méje dé aago mẹ́wàá, nínú àgbàlá bàbá rẹ, pẹ̀lú bọ́ọ̀lù kan, kí iná sì ti lọ. Ojú ewé méjì ò ní gbà á.

*

Ìyá wa, ẹ kú làálàá. Ẹni ọdún 82 ni mí, rélùwéè ni mo ti fẹ̀yìntì. Mo ka ìbéèrè yín lẹ́ẹ̀mejì, mi ò rẹ́ni yàn. Kì í ṣe pé mi ò rí èèyàn ńlá rí. Ní 1962 tí wọ́n fẹ́ ṣí Mbárí-Mbáyọ̀, èmi wà nínú àwọn ọ̀dọ́ tó ru bẹ́ǹṣì wọlé, tọ́rọ́ kọ̀ọ̀kan ni wọ́n fún wa. Ìyàwó mi ti lọ. Àwọn ọmọ wà ní Kánádà àti Èkó, wọ́n ń pè mí, a máa ń rí ara wa nínú fóònù. Nígbà míì nẹ́tíwọọ̀kì á lọ, ojú ọmọ á dúró gbagidi, ẹnu rẹ̀ á wà ní yíyà, èmi náà á dúró máa wò ó. Ẹni tó bá sáà lè wá ni màá yàn. Ṣé ó burú pé mi ò dárúkọ ẹnikẹ́ni? — Bàbá O., Àyétòrò

Bàbá, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Kò burú rárá. Nínú gbogbo lẹ́tà inú àpò yẹn, tiyín nìkan ni mo kà tí mo dìde lọ bu omi mu.

Ti àwọn ọmọ, mi ò ní bá yín bú wọn. Tèmi wà ní Ìbàdàn, wákàtí méjì sí ibi, ó sì ti di ọdún Iléyá kí n tó rí i. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa pè.

Ṣùgbọ́n ẹ̀yin, ẹ rọra wá mú gbólóhùn kan bọ àárín lẹ́tà yín bí ẹni tó gbàgbé owó sínú àpò ṣòkòtò. Ẹ ru bẹ́ǹṣì! Ẹ wà níbẹ̀! Mo ti jókòó níhìn-ín láti àárọ̀, mò ń pe obìnrin tí kò lórúkọ, ẹni tó lè ti kọjá lára rẹ̀ pẹ̀lú bẹ́ǹṣì lórí sì wà ní Àyétòrò, kò rẹ́ni bá sọ̀rọ̀.

Nítorí náà, mò ń bọ̀. Ọjọ́bọ̀ tó gbẹ̀yìn nínú oṣù yìí, tí mo bá ti kí Ìṣáà tán, ọmọ tó ń kó lẹ́tà á fi ọ̀kadà rẹ̀ gbé mi wá. Ó ní òun á rọra wà á, mi ò gbà á gbọ́. Mo ti ránṣẹ́ sí obìnrin Òkè-Fìà yẹn náà, kì í ṣe sí ọkọ rẹ̀, pé ẹnì kan wà tó lè ti rí Dúró Ládiípọ̀ kó tó di Ṣàngó. Tí ọkọ rẹ̀ bá fẹ́ tẹ̀lé e, kó wá, kó gbé àga tirẹ̀ dání.

Ẹ fi ọkàn yín sọ́dọ̀ àwọn obìnrin tó ń tajà nítòsí ibẹ̀ lọ́jọ́ náà. Kí ló wà lórí àtẹ wọn? Èwo ló ń pariwo jù nínú wọn? Tí ẹ ò bá rántí, ẹ má purọ́ fún mi, a ó sọ ti rélùwéè. Mo fẹ́ràn ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ojú irin, ìyá mi gùn ún lọ sí Èkó nígbà tí oyún mi wà nínú rẹ̀, wọ́n ní ó bì títí dé Ìbàdàn.

Ẹ̀kọ mẹ́fà ni mò ń gbé bọ̀, àti mọ́ínmọ́ín eléwé. Tí ọpọ́n ayò bá wà nílé, ẹ gbọn eruku rẹ̀. Kí ẹ fi ránṣẹ́ sí mi ní ọ́fíìsì kó tó di ọjọ́ náà: ṣé ẹ ṣì ń jẹ ata?